Fífi Ọ̀bẹ Ya Àwòrán ní Òṣogbo: Ohun Tí Ẹ Máa Ń Bi Wá

Àwọn tó ń yà wò wá níbi iṣẹ́, àwọn òbí, àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn oníbàárà tó wà lẹ́yìn odi ló máa ń bi wá ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Mo kó wọn jọ síbí kí n má baà máa dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Ọ̀bẹ wo gan-an ni? Ṣé èyí tí a fi ń gé àlùbọ́sà?

Rárá o. Ọ̀bẹ tiwa kò mú. Irin pẹlẹbẹ ni, ó tínrín, ó máa ń tẹ̀ tí ẹ bá fi ìka tì í, ó sì ní èèkù igi. Palette knife ni wọ́n ń pè é níbi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ lè fi ìka fa etí rẹ̀ kó má ṣe yín ní nǹkan kan, àfi èyí tó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Kánfáàsì, aṣọ líle tí a ń ya àwòrán sí, máa ń pọ́n etí ọ̀bẹ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ń lò ó mọ̀, nítorí náà ọ̀bẹ àtijọ́ lè géni.

Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó gùn gbọọrọ wà fún pípo ọ̀dà lórí pátákó. Ọrùn èkejì tẹ̀ sókè, kí ọwọ́ má baà kan ọ̀dà tútù nígbà tí èèyàn bá ń tẹ́ ẹ sójú àwòrán. Ẹni tó bá ti rí irin tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri ti rí i tán, tiwa kàn kéré ni.

Ẹ má wulẹ̀ ra páálí tó kún fún ọ̀bẹ rẹpẹtẹ. Mẹ́ta tó yín lò: ọ̀kan tó fẹ̀ fún ojú ọ̀run àti ògiri, ọ̀kan tó rí bí ewé tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, àti ọ̀kan kékeré tó tẹ́ẹ́rẹ́. Oníke dára fún ọmọdé, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀ bó ṣe yẹ, ọ̀dà a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ta ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀?

Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù tipẹ́, pípo ọ̀dà ni wọ́n sábà fi ń ṣe. Ẹni tí wọ́n máa ń dárúkọ jù nínú àwọn tó fi í ya àwòrán gan-an ni Gustave Courbet, ará Faransé (1819–1877). Àpáta, ìgbì òkun àti yìnyín ló máa ń fi ọ̀bẹ tẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ní nǹkan bí 1866, Paul Cézanne, ará Faransé náà, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ fi ọ̀bẹ ya àwòrán àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin léraléra. Nígbà tó yá, Jean-Paul Riopelle ti Kánádà (1923–2002) tẹ́ ọ̀dà nípọn dé ibi pé àwòrán rẹ̀ kan dà bí ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ ṣí kúrò. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ jù lórí fóònù ni Leonid Afremov, tí wọ́n bí ní Vitebsk ní 1955, tó sì kú sí Mẹ́síkò ní 2019: òpópónà tí òjò ti rin, iná tó ń tàn lójú omi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń fi hàn wá tí wọ́n á ní, “Ẹ bá mi ṣe irú èyí.” Èmi kì í ṣe é. Irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í rọ̀ ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí.

Bí ẹ bá ní kí n yan ẹyọ ẹnì kan tí mo fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi wò dáadáa, Ablade Glover ti ilẹ̀ Gánà ni màá mú. 1934 ni wọ́n bí i. Ọjà, èrò tó kún títì àti òrùlé ilé ló ń fi ọ̀bẹ yà. Tí ẹ bá sún mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀dà pupa àti yẹ́lò tí wọ́n gbá sí ara wọn lásán lẹ máa rí. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ọjà ti kún.

Ṣé ara iṣẹ́ ọnà Òṣogbo lèyí, àbí ẹ kàn gbà á lọ́wọ́ òyìnbó?

Wọ́n máa ń fi ìbéèrè yìí gún wa lára, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Òótọ́ ni pé ọ̀bẹ kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ níbí. Ní 1962 ni Duro Ladipo, òṣèré orí ìtàgé, àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì, dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Denis Williams, ọmọ Guyana, ló kọ́kọ́ wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán yíyà, Georgina Beier sì kọ́ wọn ní 1964. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ò lọ ilé-ìwé ọnà kankan ṣáájú. Rufus Ogundele àti Jacob Afolabi ń ṣeré nínú ẹgbẹ́ òṣèré Ladipo. Jimoh Buraimoh ló ń bá wọn ṣe iná orí ìtàgé. Ijó ló gbé ayàwòrán tó ń jẹ́ Twins Seven Seven wọ ìlú.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Buraimoh lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ojú àwòrán. Aṣírù Ọlátúndé, ọmọ alágbẹ̀dẹ, fi òòlù lu àlùmíníọ̀mù títí ìtàn fi yọ jáde lára rẹ̀. Adébísí Fábùnmi fi òwú ya àwòrán. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni, ló fi sìmẹ́ńtì mọ ẹranko àti ògiri tó ní iṣẹ́ ọnà lára, tó kún inú igbó Òṣun, níbi tóun àti Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, kò sí èyí tí ojú nìkan lè rí tán. Ọwọ́ ń fẹ́ kàn án. Afọ́jú lè mọ iṣẹ́ Aṣírù yàtọ̀ sí ti Buraimoh.

Ohun tí mo ń sọ nìyẹn: Òṣogbo ti fẹ́ràn àwòrán tó wú, tó gún, tó ní ara, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀bẹ ọ̀dà wá fún wa. Ọ̀bẹ bá ìfẹ́ yẹn nílẹ̀ ni. Bó ṣe ti Faransé wá kò dùn mí ju bí abẹ́rẹ́ ṣe ti ibòmíràn wá dé ọwọ́ aránṣọ lọ.

Kí ló yàtọ̀ láàárín ọ̀bẹ àti búrọ́ọ̀ṣì?

Irun búrọ́ọ̀ṣì máa ń gbé ọ̀dà àná pamọ́. Bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, àwọ̀ díẹ̀ á ṣẹ́kù níbi ìdí irun. Ọ̀bẹ kò ní ibi tó máa fi nǹkan pamọ́ sí: ẹ nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó mọ́. Ìdí rèé tí àwọ̀ fi máa ń mọ́ gaara lórí iṣẹ́ ọ̀bẹ.

Èkejì, ọ̀dà tí a fi ọ̀bẹ tẹ́ máa ń ní ojú dídán níbi tí irin ti kọjá, ó sì máa ń ní etí tó yọ sókè níbi tí irin ti kúrò. Etí yẹn ń ní òjìji tirẹ̀. Nítorí náà àwòrán kan náà kì í rí bákan náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ń gbà kí èèyàn máa pa ibì kan rẹ́ síwá sẹ́yìn títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀bẹ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ pinnu, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Tí ẹ bá padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti bàjẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́ kúrò, kí ẹ tún un tẹ́.

Ọ̀dà wo lẹ ń lò?

Méjì ni: ọ̀dà olóròóró àti akírílíìkì. Ìyàtọ̀ wọn kọjá owó.

Òróró linseed ni wọ́n fi po ọ̀pọ̀ ọ̀dà olóròóró. Òróró yìí kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀, tó ń sọ ọ́ di líle. Nítorí pé òde ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, òde ló ń kọ́kọ́ gbẹ. Ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ èyí tó nípọn lè le lójú kí inú rẹ̀ ṣì rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀san rẹ̀ ni pé ó ń fún èèyàn láàyè. Mo lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jẹun, kí n bá ọ̀dà nílẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

Omi ló wà nínú akírílíìkì, tí omi bá ti fò lọ, ó ti gbẹ. Ní oṣù kẹta, tí oòrùn Òṣogbo bá mú, ó lè gbẹ lórí pátákó kí ẹ tó po àwọ̀ kejì tán. A máa ń fi ike tó ń fọ́n omi fọ́n ọn. Ẹ ra èyí tó ki. Èyí tó ṣàn kì í di etí tí ọ̀bẹ bá fi sílẹ̀ mú, ṣe ló máa padà tẹ́jú.

Òfin kan wà tí kò ní àtúnṣe: ọ̀dà olóròóró lè gun orí akírílíìkì tó ti gbẹ, akírílíìkì kò gbọ́dọ̀ gun orí ọ̀dà olóròóró. Kò ní lẹ̀ dáadáa, yóò sì bó. Bákan náà, ìpele òkè ni kí òróró rẹ̀ pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀. Tí ìsàlẹ̀ bá lọ́ra ju òkè lọ, òkè á gbẹ ṣáájú, ìsàlẹ̀ á máa rìn lábẹ́ rẹ̀, òkè á sì sán.

Ọ̀dà ilé ńkọ́? Àwa náà ń lò ó láti fi kun ìsàlẹ̀ pátákó. Fún ojú àwòrán tí ẹ fẹ́ tà fún ènìyàn, ẹ má lò ó. Èyí tó ń dán, tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn, máa ń di yẹ́lò.

Báwo lẹ ṣe ń ya iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ẹ jẹ́ kí n mú òrùlé, nítorí òun ni ọ̀bẹ mọ̀ ọ́n yà jù, òun náà ló sì pọ̀ ní ìlú wa. Tí ẹ bá dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Ọjà Ọba, páànù tó ti dógùn-ún lẹ máa rí títí dé ibi tí ojú mọ: pupa rúsúrúsú, àwọ̀ igi, eérú, àti páànù tuntun tó ń kọ mànà níbì kan láàárín wọn. Ẹyọ páànù kan, ẹyọ ìfà ọ̀bẹ kan. Kò sí irinṣẹ́ mìíràn tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀.

Mo máa ń kọ́kọ́ kun gbogbo kánfáàsì ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, kó fẹ́lẹ́, kó sì gbẹ. Ìdí ni pé ọ̀bẹ kì í bo gbogbo ibi. Ó máa ń fo àwọn ibì kan. Tí funfun bá yọ níbẹ̀, ojú á máa lọ síbẹ̀ ṣáá. Tí ilẹ̀ pupa bá yọ, Òṣogbo náà ló yọ.

Lẹ́yìn náà ni mo máa fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìlà díẹ̀: ibi tí ọ̀run parí sí, ibi tí òpópónà gbà. Bẹ́ẹ̀ ni, búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀. Èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Pípo ọ̀dà ló kàn, òun ló sì ń gba àkókò jù. Gbogbo àwọ̀ tí mo máa lò ni mo máa ń pò sílẹ̀ ní òkìtì òkìtì kí n tó fi ọwọ́ kan kánfáàsì: òkùnkùn mẹ́ta, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ń po àwọ̀ bó ṣe ń tẹ́ ẹ lọ á rẹ̀ kó tó débi ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ni oníbàárà ń rà.

Láti òkùnkùn ni a ti ń lọ sí ìmọ́lẹ̀. Òjìji ni kó fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ni kó nípọn. Bí a ṣe ń bu ọ̀dà ni pé kí ẹ fa etí ọ̀bẹ gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì, kí ọ̀dà dúró bí okùn tínrín sí abẹ́ etí yẹn. Ẹ gbé ikùn ọ̀bẹ lé kánfáàsì, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, ẹ gbé etí iwájú sókè díẹ̀, kí ẹ sì fà á. Tí ọ̀bẹ bá sùn jù, á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì ya ọ̀dà sókè. Tí ó bá dìde jù, họ ló máa họ ohun tó wà nílẹ̀. Bí ẹ bá ti ń dé òpin, ẹ dín agbára kù. Ọwọ́ tó wúwo ní òpin ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ jẹ́.

Fún wáyà iná tó lọ́ mọ́ ara wọn lórí òpó, ẹ fi etí ọ̀bẹ tẹ ọ̀dà dúdú, kí ẹ sì kàn án mọ́ kánfáàsì lẹ́ẹ̀kan. Fún èrò ọjà tó wà lókèèrè, ṣóńṣó ọ̀bẹ. Fún aṣọ àdìrẹ, mo máa ń tẹ́ funfun sílẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tẹ́ àwọ̀ aró lé e, kí aró yẹn tó gbẹ mo fi ṣóńṣó ha ọnà jáde kí funfun ìsàlẹ̀ yọ. A kúkú ń pe ìlú yìí ní ìlú aró. Ẹni tó bá fẹ́ ya Òṣogbo tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń po àwọ̀ aró kò tíì ṣe tán.

Páànù tó ń kọ mànà ni mo máa ń fi sílẹ̀ dé òpin. Funfun tí a fi yẹ́lò díẹ̀ sí, ìfà kan ṣoṣo, ó tán.

Kí ló dé tí àwọ̀ mi fi máa ń dà bí ẹrẹ̀?

Ẹ ò nu ọ̀bẹ yín. Ìdáhùn ìdajì nìyẹn. Ẹ nù ún lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ìdajì tó kù: pupa àti àwọ̀ ewé ń pa ara wọn, búlúù àti àwọ̀ ọsàn náà ń pa ara wọn. Tí ẹ bá tẹ́ ọ̀kan lé èkejì nígbà tí méjèèjì ṣì tútù, tí ẹ sì ń rò ó pọ̀, ẹrẹ̀ ló máa dà. Ẹ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ má rò wọ́n pọ̀. Àwọ̀ méjì lórí ọ̀bẹ kan náà kì í ṣe àléébù o. Ẹ bu pupa sí ẹ̀gbẹ́ kan, yẹ́lò sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ máa rí ohun tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè ṣe.

Ṣé ojú èèyàn ṣeé fi ọ̀bẹ yà?

Ó ṣeé yà, ṣùgbọ́n ẹ má retí fótò. Ìyá kan wá gba iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ní kí a ṣe fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Wọ́n sún mọ́ ọn títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. “Ọmọ mi, ṣé bí ojú mi ṣe rí jágajàga nìyí?” Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà.” Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè wọn ṣe.

Gèlè gan-an ni ọ̀bẹ ń jayé nídìí rẹ̀: ìṣẹ́po kan, ìfà kan, ó sì ń dán bí aṣọ náà ṣe ń dán. Ilà ojú náà rọrùn, nítorí pé a ò ní fi ọ̀dà yà á rárá. A máa ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kọ pélé tàbí àbàjà sínú ọ̀dà ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣì tútù. Ojú àti ẹnu ló le. Níbẹ̀, mo máa ń lo ọ̀bẹ tó kéré jù, mo sì máa ń sọ èyí tí ojú ò nílò nù.

Ìgbà wo ló ń gbẹ?

Ó kù sí ìgbà tí ẹ yà á. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ kún fún omi, ọ̀dà olóròóró a máa pẹ́. Nígbà ọyẹ́, ó ń yá, ṣùgbọ́n eruku pupa ń fò, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. A máa ń dojú iṣẹ́ kọ ògiri lóṣù kejìlá àti oṣù kìíní.

Iṣẹ́ olóròóró tó nípọn kò gbọ́dọ̀ gba fáníìṣì títí á fi pé oṣù mẹ́fà, ọdún kan ló tiẹ̀ dára jù. Oníbàárà tó ní òun ń rìnrìn-àjò lọ́la, akírílíìkì la máa ń fún un.

Ṣé ewu wà nínú rẹ̀?

Ewu wà, a kì í sì í sọ ọ́ tó. Àkísà tí òróró linseed bá rin, tí ẹ bá ká a jọ sójú kan, lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Bí òróró yẹn ṣe ń gbẹ ló ń gbóná. Ẹ sá a sílẹ̀ ní títẹ́ títí á fi le, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo tó ní ọmọrí. Òórùn turpentine, omi tí a fi ń fọ ọ̀dà olóròóró kúrò, kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ṣí fèrèsé. Àwọn ọ̀dà kan ní cadmium tàbí òjé nínú, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ ọlọ́dà jẹ mọ́ínmọ́ín, ẹ má sì fi yanrìn pa ọ̀dà gbígbẹ kí eruku rẹ̀ máa fò.

Ṣé iṣẹ́ yìí ń bọ́ èèyàn?

Àwọn òbí ló máa ń béèrè èyí, ojú ọmọ ni wọ́n sì máa ń wò bí wọ́n bá ń béèrè.

Ó ń bọ́ni, àmọ́ kì í bọ́ni lójoojúmọ́. Oṣù kẹjọ, tí ọdún Òṣun bá dé, àlejò á kún ìlú, gálárì á ṣí sílẹ̀ títí alẹ́. Oṣù kejìlá, àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun á wálé, wọ́n á fẹ́ gbé nǹkan padà. Láàárín méjèèjì, a ń kọ pátákó ìtajà, a ń kun ògiri ilé-ìwé, a ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí ojú bá ń tì láti kọ pátákó onídìrí, ebi á kọ́ ọ.

Ọ̀dà ló ń jẹ èrè. Ọ̀bẹ ń jẹ ọ̀dà ju búrọ́ọ̀ṣì lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ọ̀dà tó dára sì ń ti òkè òkun wá, dọ́là ló ń sọ iye rẹ̀. Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń dá ni pé a ń po gúlù funfun tí káfíńtà fi ń lẹ igi mọ́ ìyẹ̀fun POP, a fi ọ̀bẹ tẹ́ ẹ láti fi gbé ara àwòrán dìde, tó bá gbẹ a fi akírílíìkì tẹ́ orí rẹ̀. Ó ń dín owó kù. Àmọ́ orí pátákó líle ni kí ẹ ti ṣe é. Lórí kánfáàsì tó ń mì, á sán.

Tí oníbàárà bá ń ná ọjà, tó ní “Ṣebí ọ̀dà lásán ni”, mo máa ń gbé túùbù funfun tó ṣófo fún un kó gbé e dání. Mi ò ní sọ̀rọ̀ sí i.

Ṣé dandan ni kí ọmọ mi lọ ilé-ìwé gíga kó tó lè ṣe é?

Kò pọn dandan, bí ti àwọn àgbà Òṣogbo ṣe fi hàn. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn kọ ilé-ìwé. Ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ níbí, ó sì wà ní Yábàtẹ́ẹ̀kì ní Èkó. Iléeṣẹ́ ọnà Nike Davies-Okundaye wà nínú ìlú Òṣogbo fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ti kọ́ àdìrẹ àti àwòrán níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó mọ yíya nǹkan bó ṣe rí lójú pẹ̀lú pẹ́ńsùlù ló yẹ kó gbé ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ kì í bo àìmọ̀yà mọ́lẹ̀ bí àwọn kan ṣe rò. Ṣe ló ń tú u síta.

Mùsùlùmí ni mí. Ṣé ẹ ò ní fi àwòrán òrìṣà lé mi lọ́wọ́?

Ohun tí ẹ bá fẹ́ la ó yà. Òótọ́ ni pé igbó Òṣun, tí UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005, wà nínú iṣẹ́ wa dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín ewé bọ́ sórí omi ni mo ń lọ wò níbẹ̀. Omi náà kò mọ́ bíi tàtijọ́ mọ́, ìwakùsà wúrà lókè odò ti sọ ọ́ di àwọ̀ tíì oníwàrà. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń yà á.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú èyí tí mo rà?

Ẹ má fi aṣọ tútù nù ún. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi gbọn eruku kúrò láàárín àwọn etí ọ̀dà. Ẹ má gbé e sí ojú oòrùn gangan, ẹ má fi náílọ́ọ̀nù wé e mọ́ra. Tí ẹ bá fi gíláàsì sí férémù, gíláàsì kò gbọ́dọ̀ kan ọ̀dà. Ẹ tan iná láti òkè tàbí ẹ̀gbẹ́. Iná tó bá kọjú sí i gan-an á pa gbogbo òjìji rẹ̀, owó ọ̀bẹ tí ẹ san á sì ṣòfò.

Ẹ má sì ká a. Àwòrán búrọ́ọ̀ṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣeé ká sínú páìpù. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ nípọn á sán. Inú àpótí igi ló ń gbà rìnrìn-àjò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó?

Wọ́n ń tẹ fótò àwòrán sórí kánfáàsì báyìí, wọ́n á wá fi nǹkan mímọ́ gaara kùn ún lójú kó lè gún ọwọ́. Ẹ tan iná fóònù yín sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ní ojúlówó, ibi tí ọ̀dà wú sí àti ibi tí àwọ̀ yí padà sí máa ń bára mu. Ní ayédèrú, wíwú ń lọ sọ́tùn-ún, àwọ̀ ń lọ sósì. Ẹ tún wo etí kánfáàsì: ọ̀dà tí ọ̀bẹ gbá kọjá etí máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀.

Ṣé mo lè wá wò yín níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́?

Ẹ máa bọ̀. Òwúrọ̀ ló dára jù, kí iná tó lọ, kí ooru tó mú. Ẹ lè mú ọmọdé dání, a máa ń fún wọn ní ọ̀bẹ oníke àti páálí. Ẹ má sáà wọ léèsì funfun wá.